Ohùn Yorùbá Inú Fóònù

Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ ṣe mí lóore, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú mi, àrùn náà kò sì tún ìwà mi ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò tẹ́lẹ̀ di ohun tí mò ń wá kiri lẹ́nu ara mi, àmọ́ Yorùbá mi kò lọ síbì kankan.

Ìyàwó mi ló ń wà mí lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ mi ní ìrìn, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Daycare kan ní Sharpstown, lókè òkun níbí, tí kò jìnnà sí apartment wa, ló ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ni yóò fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, yóò wá gbé mi, a ó gba freeway, yóò dúró dè mí, yóò tún gbé mi padà. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà.

“Dádì, supervisor mi ti warn mi lẹ́ẹ̀mejì o. Tí mo bá tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n máa lé mi.”

Ó ti gbọ́ nípa ọkọ̀ ìjọba kan tó máa ń wá gbé àwọn akàndá ẹ̀dá lẹ́nu ọ̀nà wọn. A kọ̀wé, wọ́n sì ní kí n wá dáhùn ìbéèrè. Mo fura. Ta ló ń fi ọkọ̀ wá gbé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà lásán? Mo rò pé láísẹ́ǹsì mi ni wọ́n fẹ́ gbà, èyí tí mo ṣì ń gbé kiri nínú pọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè tẹ bíréèkì mọ́.

Mò ń fura sí ìyàwó mi náà nígbà yẹn. Àwọn ṣòkòtò gidi mi, àwọn oníbọ́tìnnì, ń dín kù nínú wọ́dúróòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣòkòtò onírọ́bà ló ń rọ́pò wọn. Ó ní mo ti rù ni. Lójú tèmi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ìbàdàn ló ń fi ṣòkòtò mi ṣe fáàrí. Òótọ́ ni pé onírọ́bà rọ ọwọ́ òsì mi lọ́rùn. Kó tó dé, ṣe ni mo máa ń fi bùbá bo ibi tí bọ́tìnnì ti ṣí sílẹ̀, mo sì gbà pé ẹnikẹ́ni ò rí i.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì náà, mo ní kí ìyàwó mi dúró sínú mọ́tò. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó níwájú mi, ó gbé fóònù kalẹ̀ sáàárín wa. Ó ní wọ́n ti tún ètò wọn ṣe kí èdè má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, ògbufọ̀ ti wà lórí fóònù. Ohùn obìnrin kan jáde.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ ni mo máa sọ fún wọn. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀.”

Ohùn yẹn jọ ti obìnrin tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òyìnbó ni mo múra sílẹ̀ fún. Mo lè sọ fún òyìnbó pé mo ṣubú ní balùwẹ̀; ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ṣùgbọ́n Yorùbá? Kí ìsìn tó parí lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á ti máa dárúkọ mi nínú àdúrà.

“Ṣé ẹ lè dá rìn dé ibùdókọ̀, sà?”

“A dúpẹ́. Mò ń rìn dáadáa.”

Ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé òun gan-an ló ń rìn: “I walk very well.” Ìyẹn tún bí mi nínú. Ta ló ń jẹ́ “I” níbẹ̀?

“Ṣé ẹ máa ń ṣubú?”

“Ká má rí i.”

“Ṣé ẹ lè dá wọṣọ?”

“Ọmọdé ni mí ni?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé. Wọ́n ní ara mi le tó láti wọ bọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń wọ̀. Ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Dádì, kí lẹ sọ fún wọn?”

Mo ní ìjọba ni kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kò bá mi jà. Ó bọ́ káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì.

“A lè appeal, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Tí ẹ bá tún ṣe báyìí, mo máa kúkú resign.”

Ojú tì mí, inú sì bí mi pé ojú tì mí.

Nígbà tí a padà lọ, kò dúró sínú mọ́tò. Ó jókòó tì mí. Fóònù kan náà ni, ohùn kan náà sì ni.

“Màdáámù,” mo ní, “ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?”

Ó kọ́kọ́ yí ìyẹn náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀dọ́bìnrin yẹn. Lẹ́yìn náà ló ní wọn ò gba àwọn láàyè láti sọ nípa ara àwọn, pé ohun tí òun bá gbọ́ níbẹ̀ kò ní dé ìta. Mi ò gbà á gbọ́. Títí di òní mi ò tíì gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo rí ìyàwó mi tó ń fi okùn káàdì rẹ̀ wé ìka.

Mo bá sọ ọ́. Mo ní mi ò lè rìn dé ibùdókọ̀. Mo ní mo ti ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dákẹ́ síbẹ̀ kí ìyàwó mi má baà gbọ́. Ohùn náà ń tẹ̀ lé mi ní Gẹ̀ẹ́sì, I, I, I, jẹ́jẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì káàánú mi. Ẹ̀rù bà mí láti gbọ́ ara mi bẹ́ẹ̀.

“Aṣọ wíwọ̀ ńkọ́, sà?”

“Mi ò lè de bọ́tìnnì. Ìyàwó mi ò mọ̀.”

Ìyàwó mi kò wò mí. “Kí lẹ rò pé mo ṣe ra onírọ́bà fún yín?”

Gbogbo ohun tí ohùn náà bá gbọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ, ó sì yí ìyẹn náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ.

Wọ́n fún mi ní ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ń bọ̀ wá gbé mi, ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe ń dúró, mo fi ọwọ́ òsì ṣí àpótí tó wà ní ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù, nítorí àbúrò rẹ̀ ṣì ń jà mí lọ́kàn. Àwọn ṣòkòtò oníbọ́tìnnì mi ló wà níbẹ̀. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n jọ de ọjọ́ tí ọwọ́ mi á padà bọ̀ sípò. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé.