Orogún Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tó Wọ Àgọ́ Wa

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Dàpọ̀, olórí àwọn awọnlẹ̀ wa, tú sítóòfù náà jáde nínú àpò, mo rò pé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tuntun ni. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ó ń dán, rọ́bà gígùn kan sì so mọ́ ọn bí ìwọ́ ọmọ tuntun. Gbogbo ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn sọ̀féyọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n. Mo bá ń fẹ́ iná mi lọ, mi ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Alásè ni mí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti di olóògbé ni mo ti ń tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀ kiri igbó Rẹ́mọ, láti Ìpẹ̀rú, ìlú mi, títí dé ẹ̀yìn Ṣàgámù. Ibi tí ọ̀nà tuntun tàbí òpó iná bá fẹ́ gbà, a ó pàgọ́ síbẹ̀, èmi a sì to òkúta mẹ́ta aàrò mi. Ìyá mi, akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kọ́ mi ní iná dídá, ó sì kọ́ mi ní àdúrà. Nínú àgọ́, mo so méjèèjì pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, iná mi á ti ràn, àwọn ọkùnrin á sì ti yí i ká, wọn á máa dúró de omi gbígbóná. Bàbá Rájí ló máa ń kọ́kọ́ dé, nítorí omi àlùwàlá rẹ̀. Mùsùlùmí ará Ìjokù ni, òun ló dàgbà jù láàárín wọn, òun ló sì ń fi àdá la ojú ọ̀nà fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Á kírun tirẹ̀ lápá kan, á wá jókòó. Bí omi bá ti ń hó, mo máa ń dá orin kan, a ó gbàdúrà kúkúrú. Àmín Bàbá Rájí ló máa ń ròkè jù. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bu tíì. Tí ife kan bá ṣẹ́ kù lórí àwo, mo mọ̀ pé ẹnì kan ò tíì jí.

Sítóòfù yẹn ló tú ìjọ mi ká.

Òkè òkun ni Ọ̀gá Dàpọ̀ ti rà á bọ̀. "Màmá," ó ní, "kò sí ohun tí kì í mu." Agolo gáàsì kékeré kan ni wọ́n ń so mọ́ ẹnu rọ́bà rẹ̀. Bí gáàsì bá tán, wọ́n á yọ agolo, wọ́n á pààrọ̀ ẹnu kékeré oníhò tí iná ń gbà jáde, ó di kí ó máa mu kẹrosíìnì, tàbí pẹtiróòlù pàápàá. Kẹrosíìnì ń fẹ́ sùúrù: a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ mú orí rẹ̀ gbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín ni yóò máa tú. Gáàsì ò fẹ́ sùúrù kankan. Wọ́n á yí i, wọ́n á ṣá ìṣáná sí i, á bú fúùù, omi á sì hó kí n tó dá igi ìdáná mi sí méjì.

Wálé, tó máa ń fa okùn ìwọnlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

"Màmá, ẹ má jowú o. Ìyàwó tuntun la gbé wọlé. Ẹ̀yin ṣì ni ìyáálé."

"Ìyàwó tí kò lè ro ọkà," mo dá a lóhùn.

"Kò lè ro ọkà, ṣùgbọ́n kì í fi èéfín ta wá lójú!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo jowú. Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀ níwájú àgọ́ ńlá. Ẹni tó bá jí á gbé kẹ́tùlù kékeré lé e lórí, á po tíì tirẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo dá orin nídìí aàrò, èmi náà ni mo gbè é. Èyí tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí mo rí Bàbá Rájí níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà?"

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Omi tibí ló ń tètè gbóná, orúnkún mi ò sì fẹ́ ìrì mọ́."

Mi ò gbàdúrà kí sítóòfù náà bàjẹ́. Mi ò sì gbàdúrà kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Ìlárá Rẹ́mọ la pàgọ́ sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dé egungun. À ń jẹun alẹ́, ìkọ́kọrẹ́ ni mo sè, mo sì fi ẹja gbígbẹ sí i dáadáa. Ọ̀gá Dàpọ̀ ní, "Màmá, iṣẹ́ tó kàn, ó dà bíi pé a lè ṣe é láìgbé alásè dání. Sítóòfù wà fún tíì, a ó sì máa ra oúnjẹ nínú ìlú." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ mi ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo da tíì sínú gbogbo ife bí mo ti máa ń ṣe, mo gbé àwo náà lérí. Bí wọn ò bá wá sídìí iná mi, iná mi á lọ bá wọn. Mo ń pín in láti àgọ́ dé àgọ́. Wọ́n gbà á, ojú sì ń tì wọ́n díẹ̀, torí wọ́n ti mu tìyàwó.

"Háà, Màmá!" Wálé ní. "Ìyáálé tó gbé oúnjẹ tọ ọkọ lọ sí yàrá ìyàwó!"

Mo sọ àwo kalẹ̀. Ife kan ló ṣẹ́ kù lórí àwo.

"Bàbá Rájí dà?"

"Wọ́n ti lọ sójú ọ̀nà. Wọ́n máa ń ṣáájú wa."

"Ta ló rí wọn pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá wọn lónìí?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Kálukú rò pé ẹlòmíràn ló rí i. Mo sáré lọ sí àgọ́ Bàbá. Ó wà nílẹ̀, ara rẹ̀ ń jó bí iná, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kò sì lè dá mi lóhùn. Mo figbe ta. Ọ̀gá Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù. Dókítà sọ fún wọn pé ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi ti igbó dé nírọ̀lẹ́ ni, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ. Mo kúnlẹ̀ sídìí aàrò mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ife kan sí lórí àwo.

Ní ọjọ́ kejì, kí n tó fẹ́ iná, Ọ̀gá Dàpọ̀ gbé sítóòfù náà wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aàrò.

"Màmá, ibí ni yóò máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ omi gbígbóná, kó wá síbí, kó sì dúró."

"Iṣẹ́ tó kàn ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ta ni yóò máa ka ife?"

Bí wọ́n ṣe fa orogún lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo sì tọ́jú rẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe: mo gbé òun àti agolo rẹ̀ sáàárín òkúta mẹ́ta, kí atẹ́gùn má baà pa iná rẹ̀.

"Màmá! Ẹ fẹ́ fi wá ránṣẹ́ sọ́run ni?" Ọ̀gá ti fò dìde. Ó ṣàlàyé fún mi pé òkúta ń há ooru mọ́, agolo tó bá sì gbóná jù lè bú gbàmù. Ó fa rọ́bà náà gùn, ó gbé agolo jìnnà síná. Ó kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ tàn án nínú àgọ́ láé. Bí agolo bá tutù jù tí iná rẹ̀ ń kú lọ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́ ni ká gbé e sí, kì í ṣe omi gbígbóná. Díẹ̀díẹ̀ ni mo mọ ìwà rẹ̀: mo mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ yọ èérí ẹnu rẹ̀, mo sì ń fi ariwo rẹ̀ mọ ìgbà tí gáàsì fẹ́ tán. A pín ilé bí orogún gidi. Tíì di tirẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ tèmi àti igi, nítorí iná rẹ̀ ò mọ jẹ́jẹ́. Bàbá Rájí padà dé, ó jókòó sí àyè rẹ̀, àmín rẹ̀ sì tún ròkè.

Nígbà tí orúnkún tèmi náà wá ń kọ ìrì, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Sítóòfù náà ni wọ́n fi dá mi lọ́lá. Ó wà ní ilé ìdáná mi ní Ìpẹ̀rú báyìí. Àwọn obìnrin ìjọ wa ti wá yá a fún ìkórè, mo ní kì í rìnrìn-àjò mọ́. Ìyàwó ọmọ mi fẹ́ bá mi nù ún, mo ní kó lọ nu fìríìjì.

Láìpẹ́ yìí ni Wálé gbé Bàbá Rájí wá kí mi. Kí n tó gbé kẹ́tùlù dé, Wálé ti na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yí i, bí ìgbà àtijọ́. Mo fi ṣíbí lù ú lọ́wọ́.

"Yọwọ́ kúrò. Ìyàwó ilé onílé ni."

"Háà, Màmá! Èmi ṣáà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n!"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ọ."

Bàbá Rájí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àga mú. Mo tàn án, ó bú fúùù, mo dá orin. Nígbà tí omi hó, mo to ife mẹ́ta sórí àwo. Kálukú mú tirẹ̀, kò ku ẹyọ kan.