Ọkùnrin Tó Dá Fíìmù Dúró Nítorí Gúgúrú

Ọjọ́ kejì tí fíìmù ọmọdébìnrin tí kò ní òjìji dé gbọ̀ngàn sinimá wa, àárín ìran ni iná ṣàdédé tàn, tí àwòrán sì kú lójú aṣọ. Kálukú ń ṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn irin, kò, kò, kò, Bàbá Ẹwòó tó ń darí ẹ̀rọ sì já wọlé, àkísà tó fi ń nu epo wà léjìká rẹ̀.

"Ta ló ń jẹ gúgúrú?"

Ó gbé ojú yí gbogbo ìlà àga ká.

"Mo ní, ta ló ń jẹ gúgúrú nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ń sọdá òkun?"

Jórinjórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, gúgúrú ṣì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bàbá, èmi ni. Ṣé ẹ fẹ́ díẹ̀ ni?"

"Ọmọ yẹn tẹ́ àkàbà sójú omi, ó ń rìn lórí rẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí igi kẹta, kí ni igi náà ṣe?"

Jórinjórin wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ó... ó rì."

"Ó rì! Ẹ gbọ́ o! Ẹja ló dà! Ẹja aláwọ̀ ewé, tó ní ìpéǹpéjú! Àwọn kan jókòó, wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán ìpéǹpéjú ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ ń tú ìsàlẹ̀ ọ̀rá gúgúrú!"

Ó padà sókè, ó fi ọwọ́ yí róòlù náà sẹ́yìn, ìyẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko, ó sì tún òkun náà gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Gúgúrú tí Jórinjórin kò tíì gbé mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi sí títí ọmọ náà fi gúnlẹ̀.

Ọkùnrin náà ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí fíìmù yìí dé, ó ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú yàrá òkè yẹn, yàrá tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́ta lọ, tó sì ń gbóná bí ààrò. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Róòlù mẹ́fà ni fíìmù kan máa ń jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú agolo pẹlẹbẹ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ń parí lórí ẹ̀rọ kìíní, Bàbá gbọ́dọ̀ ti ki èyí tó tẹ̀lé e sórí ìkejì, kó tan án gẹ́lẹ́ nígbà tó yẹ, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Bí o bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní, "Mò ń rán ìran mọ́ ìran." Bí o bá bi ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń rán aṣọ iléèwé ní tòótọ́, á ní, "Ó ń tan iná, ó sì ń pa iná."

Ihò kékeré kan wà lára ògiri yàrá náà. Ibẹ̀ ló máa ń ki ẹnu bọ̀ tí á máa kígbe "Ẹ wò ó o!" bí ohun tó dára bá fẹ́ yọ lójú aṣọ. Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Ẹwòó ti wá. Ẹni tó bá wá sùn ní gbọ̀ngàn wa, ó sanwó ìjayà ni.

Ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tó wọ̀ ọ́ lára bí ti ọmọ yìí. "Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n," ó máa ń wí, "àwọn ọkùnrin tó ń yìnbọn fún ara wọn ni mò ń gbé sójú aṣọ. Ẹni tí wọ́n pa lánàá, mo tún jí i lónìí kí wọ́n lè tún un pa. Èyí ni àkọ́kọ́ tó ṣe mí bíi kí n sọ̀kalẹ̀ wá jókòó."

A ò lè dá a lẹ́bi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ inú fíìmù náà, olórí kunkun, ó bá òjìji ara rẹ̀ jà. Òjìji bínú, ó já ara rẹ̀ gbà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọmọ náà wá a dé ìlú kan tí wọ́n fi ògbólógbòó aṣọ rán gbogbo ilé ibẹ̀. Bọ́tìnnì ni ilẹ̀kùn. Síìpù ni títì: o ṣí i kí o tó kọjá, o sì tì í lẹ́yìn ara rẹ. Bí ẹnìkan bá sín, gbogbo òrùlé àdúgbò á fẹ́ lẹ́lẹ́. Ilẹ̀ ni òjò ibẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sókè. Ìbànújẹ́ ní àwọ̀, èèyàn lè fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ, àmọ́ omi tí wọ́n bá fi fọ̀ ọ́ á máa sunkún nínú garawa.

Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ dán fíìmù náà wò lóun nìkan, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé garawa àti àkàbà, ó sì fọ aṣọ funfun tí à ń wo àwòrán lójú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn tí omi ti kàn án gbẹ̀yìn. Odindi ọṣẹ mẹ́rin ló bá a lọ. Opó tó ni gbọ̀ngàn, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Gbọ̀ngàn, wọlé bá a lórí àkàbà.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ọmọ yẹn kò ní fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹ̀gbin yìí."

"Nígbà tí fíìmù àwọn ọmọ ogun dé, ẹ ò fọ̀ ọ́."

"Àwọn yẹn wọ bàtà."

Ìmọ́tótó yẹn kò kó èèyàn wọlé o. Igba àga ó lé méjìlá ló wà ní gbọ̀ngàn, mọ́kàndínlógójì ló sì ń rí ìdí gbé lé e. Epo tí ẹ̀rọ ń mu fún igba èèyàn náà ló ń mu fún ogójì. Ní Wẹ́sídeè, Màmá Gbọ̀ngàn pè é.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Fíìmù yín rẹwà, àmọ́ ẹwà kò lè jókòó lórí àga. Ọkọ̀ tó ń kó fíìmù káàkiri ń bọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Á gbé e lọ, á já ti ìjà sílẹ̀ fún wa."

"Ẹ fún mi di Sátidé."

"Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní Sátidé?"

"Gbogbo àga á kún. Bí ẹyọ kan bá ṣófo, èmi fúnra mi ni màá kó agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá kún, fíìmù yìí ń bẹ níbí títí tó fi máa sú àwọn èèyàn fúnra wọn."

Màmá Gbọ̀ngàn ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àga kan nílà kẹwàá kò lẹ́sẹ̀ kẹrin."

"Màá kàn án."

Ló bá di oníwàásù. Lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ bá dẹ̀, á máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í fẹ́ sọ nǹkan kan.

"Bàbá, ẹ sọ ọ̀kan fún mi," Jórinjórin bẹ̀ ẹ́. "Àárín ìran ni mo ti jáde níjọ́sí. Ṣé wọ́n jà níbẹ̀?"

"Wọ́n jà."

"Ta lẹ́ni tó jà?"

"Ọmọ náà àti òjìji rẹ̀."

"Ta ló wá na ẹnìkejì?"

"Bí mo bá sọ fún ọ, kí lo fẹ́ wá wò?"

"Háà! Ẹ̀yin nìkan lẹ ń polówó ọjà tí ẹ sì ń fi ọwọ́ bò ó."

Nílé, kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, kò fẹsẹ̀ tẹ gbọ̀ngàn náà rí. Ó ní òun kì í bá àwọn tí òun kò mọ̀ jókòó sínú òkùnkùn.

"Ẹ ní wọ́n fi aṣọ rán ilé?" ó bi ọkọ rẹ̀ láìgbójú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Odindi ìlú."

"Wọ́n ká etí rẹ̀?"

"Etí kí ni?"

"Etí ilé. Aṣọ tí wọn ò bá ká létí, títú ló máa tú. Tí òjò bá sì ń ti ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ ṣe wí, ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú."

Ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú fún ọjọ́ méjì.

Bóyá ìrònú etí ilé ló fà á. Ní Fúráìdeè, Bàbá Ẹwòó gbé róòlù karùn-ún ṣáájú ìkẹrin. Nínú ìkẹrin ni ọmọ náà ti rí òjìji rẹ̀, tí wọ́n sì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí òrùlé. Nínú ìkarùn-ún ló ti fi ọwọ́ òfo padà sílé, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, tí oòrùn ń gba ara rẹ̀ kọjá bíi gíláàsì. Nínú ìkẹfà ni òjìji fúnra rẹ̀ ti wá kan ilẹ̀kùn. Ohun tí èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta wá rí lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ ń wá nǹkan kiri ní ìgboro. Ọmọ dé ilé, ó ń jẹun. Ọmọ tún wà lórí òrùlé, ó ń jà, lẹ́yìn náà ni òjìji kan ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó ké pé ó yí. Kálukú rò pé òye òun ló kéré. Ìta gbọ̀ngàn ni ogun ti bẹ́.

"Kò kúrò nílé rárá!" ni Jórinjórin, tó ti wá láti fi ojú ara rẹ̀ rí ìjà náà. "Ọkàn rẹ̀ ló ń rìn. Ara rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

"Rárá o," ni tíṣà obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò. "Méjì ni wọ́n. Òjìji ló padà sílé, ọmọ gan-an ló kù lórí òrùlé. Ìyá yẹn ń bọ́ òjìji, kò mọ̀!"

"Tíṣà, òjìji kì í jẹun."

"Ẹ̀yin tí ẹja kọjá níwájú yín, ẹ ò rí i, ẹ fẹ́ mọ ohun tí òjìji ń jẹ!"

Bàbá Ẹwòó ti wo nọ́ńbà ara àwọn agolo, ó sì ti rí àṣìṣe rẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun ju aṣọ tó fọ̀ lọ. Wọ́n rọ́ lù ú. "Bàbá, ta ló jàre nínú wa?"

Ó la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó tún wò wọ́n. Àwọn èèyàn tí kì í dúró gba ìmí bí fíìmù bá ti parí, wọ́n ti lo wákàtí kan lórí ìdúró. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ padà wá lọ́la," ó ní. "Ẹ má sì dá wá o. Kálukú kó mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ dání."

Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, àwọn tí kò tíì rí fíìmù náà ti pín sí méjì, àwọn ni wọ́n sì ń jà jù. Onígbàjámọ̀ kan fá orí oníbàárà rẹ̀ délẹ̀ níbi tó ti ń gbèjà òjìji. Ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ti dí. Màmá Gbọ̀ngàn gbé ṣọ́ọ̀kì, ó ń ka àga láti ìlà dé ìlà. Ìgbà mẹ́ta ló kà wọ́n. Igba ó lé mọ́kànlá. Ẹyọ kan ṣófo nílà kẹwàá.

Ni obìnrin kan bá wọlé, ó fi tépù ìwọ̀nṣọ kọ́ ọrùn. Ìyàwó Bàbá ni.

"Etí ilé yẹn ni mo wá wò," ó wí, ó sì jókòó.

Màmá Gbọ̀ngàn gbójú sókè síbi ihò. "Bàbá! Ó pé o!"

Ọjọ́ yẹn, àwọn agolo tẹ̀lé ara wọn bó ti yẹ. Ìlú aláṣọ là sílẹ̀ bí òdòdó. "Wọ́n ká a!" ni ohùn obìnrin kan ké láti ìlà kẹwàá. "Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀mejì!" Nígbà tí ìjà orí òrùlé wá ṣáájú oúnjẹ, gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Jórinjórin dìde fùú. "Mo jẹ̀bi!" Tíṣà náà dìde. "Èmi náà jẹ̀bi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Bàbá Ẹwòó ki róòlù ìkẹyìn sẹ́rọ, ó rí i pé ó ń lọ déédéé, ó sì sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó wá àga, kò rí. Ó ti pe èrò débi pé kò ku àga fún òun fúnra rẹ̀. Jórinjórin fẹ́ dìde fún un.

"Jókòó!" ni Bàbá. "Bí o bá dìde, àga kan ṣófo nìyẹn, ọkọ̀ á sì gbé e lọ."

Ìyàwó rẹ̀ sún sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. "Ẹ wá. Ìdajì, ìdajì. Kò ṣófo."

Ó jókòó. Òjìji sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni fíìmù náà fi wà níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá pa ipò dà, tí a kóra jọ sínú pálọ̀ rẹ̀ láti bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ Fúráìdeè yẹn la fi pa á lẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá bi í pé, "Ìyá, nígbà tí ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn fún òjìji rẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà sunkún bíi tiwa?"

"Mi ò rí ibẹ̀," ó ní. "Bó bá ti gbé róòlù yẹn sí i, á sọ̀kalẹ̀ wá bá mi lórí àga. Àwọ̀ oríṣiríṣi á máa kọjá lójú rẹ̀, á la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò." Ó fi ọwọ́ nu ìsàlẹ̀ ojú. "Gbogbo Sátidé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni mo lọ. Mi ò mọ bí fíìmù yẹn ṣe parí títí dòní."