Ilẹ̀ Ọba tí Mo Gbà Lórí Àpáta Ọ̀kà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀kà, kò sí ogun ńlá kankan láyé tí wọn kò jà ní pálọ̀ wa. Tíṣà ìtàn ni bàbá mi. Ìkàrẹ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama, bó bá sì ti gun alùpùpù rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ Jámánì ló máa fi jẹ iyán, ti Faransé ló máa fi ṣanwọ́. Ìyá mi a ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn òyìnbó sinmi, ọbẹ̀ ń tutù." Èmi ni Dúpẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Àkókó, ẹ mọ àpáta ẹ̀yìnkùlé. Orí rẹ̀ la ti ń sá gbodo, iṣu bíbọ̀ tó gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó di èlùbọ́. Òórùn rẹ̀ tó fẹ́ kan tí kò kan yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ nímú. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ibi tirẹ̀. Kò sí ààlà, kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ pàápàá mọ ti ta ni. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nílé ni yóò kó ti gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ kan ni bàbá mi ní oòrùn kì í wọ̀ ní ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Igi máńgòrò máa ń ṣíji bo ọ̀dọ̀ tiwa bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, gbodo wa kì í sì í tètè gbẹ. Ti Ìyá Àbíkẹ́, aládùúgbò wa, oòrùn kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo wá rò ó pé, àṣé ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá kiri ayé nìyẹn, ibi ìságbodo tó dáa! Lọ́jọ́ kejì, mo fi èédú fa ilà, mo gbá gbodo Ìyá Àbíkẹ́ sábẹ́ igi, mo tẹ́ tiwa sójú oòrùn. Mi ò ta ọfà kan.

Ìyá Àbíkẹ́ ò bi ọmọdé léèrè. Ìyá mi ló gbá mú. "Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹ fẹ́ gba àpáta mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ìyá mi, tí kì í mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíì, búra pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kó tó di alẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní ajagungbalẹ̀. Àwọn méjèèjì ò kíra wọn mọ́. Bàbá mi, tó mọ gbogbo àdéhùn tí ayé ti fọwọ́ sí, ní kí wọ́n wá jókòó yí tábìlì ká. Ìyá Àbíkẹ́ bi í bóyá orí tábìlì ni òun ń sá gbodo. Èmi ńkọ́? Orúkọ ìyá mi ń bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ló lè tún un ṣe, ẹ̀rù pàṣán ò sì jẹ́ kí n sọ ọ́. Ojú tì mí o.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi wà lọ́jà Ìkàrẹ́ nígbà tí òjò ṣú dùdù. Mo sáré láti iléèwé dé, mo bá Ìyá Àbíkẹ́ lórí àpáta. Tirẹ̀ ti wọlé. Tiwa ló ń kó, abọ́ lórí abọ́, tó sì ń bú ìyá mi tìdílé-tìdílé. "Gbé agbọ̀n yẹn wá, ọmọ ajagungbalẹ̀! Kí lo ń wò? Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́!"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ìyá mi." Mo sì ro ọ̀rọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì àti oòrùn rẹ̀ fún un.

Ìyá mi dé, ó gbọ́, kò nà mí. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ lórí àpáta níbi tí mo fa ilà sí, kí n nawọ́ sókè, títí Ìyá Àbíkẹ́ yóò fi ní ó tó. Ìyá Àbíkẹ́ jẹun tán, ó fọ abọ́, ó fọ ìkòkò, kó tó yọjú. "Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dìde." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbá ara wọn mú. Mi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lóde òní, èlùbọ́ inú ọ̀rá la ń rà, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti gun àpáta náà lórí. Lórí fóònù ni mo ti ń wo ogun, bí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ṣe ń wọ ilẹ̀ aládùúgbò, tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n de táì, tí wọ́n ń ní àwọn kọ́. Àpá àpáta yẹn ṣì wà lórúnkún mi. Bí mo bá ti rí wọn báyìí, ó máa ń dá mi lójú pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ìyá rẹ̀ mú kúnlẹ̀ rí.