Mọ́sà Ọwọ́ Àsíátù

Ọdún mẹ́tàlá ni Àsíátù fi ń dín mọ́sà sààrà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ nínú agboolé ọkọ mi ní Ṣakí, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́. Ó dá mi lójú, nítorí èmi gan-an ni mo máa ń da tiwa fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó tò sẹ́yìn, èmi ni mo kọ́kọ́ bínú sí ara mi.

Àsíátù kì í ṣe àlejò o. Ọmọ bíbí agboolé ni, èmi tí mo fẹ́ ọkọ síbẹ̀ ni àlejò. Bàbá rẹ̀ ló bá òwò lọ sí Gáná láyé àtijọ́, tó fìdí kalẹ̀ sí abúlé kan ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ bíi tiwa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí òun àti Yẹ̀kínì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí. Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn, ní ìparí ọdún 1969, àwọn méjèèjì padà wálé. Bàbá wọn ti kú, ọkọ Àsíátù náà ti kú, kò sì bímọ fún un. Àpótí páànù kan, ẹní kan àti agbada dúdú kan ni gbogbo ohun tó kó bọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, gbogbo agboolé jáde. Inú Àsíátù dùn, ó rẹ́rìn-ín, a sì rí eyín rẹ̀. Ó pọ́n bí irin tó dípẹtà, láti iwájú títí dé ọ̀gangan ibi tí ojú lè ríran dé.

"Àwọn ará Gáná kì í fọ ẹnu," Ìyá Jẹ́ẹ́dé ló sọ bẹ́ẹ̀. "Bí ilẹ̀ wọn ti rí nìyẹn."

Ìyá Jẹ́ẹ́dé ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ládùúgbò wa. Ẹni tó ń wẹ òkú, ta ni yóò kọ́ ọ ní ìmọ́tótó? Bó bá ti ní nǹkan dọ̀tí, ó dọ̀tí nìyẹn. Kò sì fi ìkà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé wọ́n ń gbin iṣu ní Ògbóòrò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti mọ̀ pé Àsíátù kì í fọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì bá a sùn kó bá a jí.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: eyín Yẹ̀kínì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ti Yẹ̀kínì, wọ́n ní obì ló mú un pọ́n. Yẹ̀kínì kì í jẹ obì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, télọ̀ sì ni, òun ló ń rán bùbá wa nígbà ọdún Iléyá, a sì bá a wá àwíjàre tí kò béèrè.

Mo ti bá Àsíátù sùn nínú ilé kan náà, mo sì ti bá a jí. Kí ladáánì tó pe ìrun àsùbáà ni ó ti ń fi orín fọ ẹnu. Bó bá fi orín fọ̀ ọ́ tán, yóò fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, yóò fi èédú fọ̀ ọ́, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Nígbà kan, mo rí i tó ń fi iyanrìn ha eyín bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ jáde. Eyín kò funfun.

"Ìyàwó, omi kànga abúlé wa ni," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí àwa méjì jọ ń pọnmi. "Gbogbo àwa tí a fi kékeré mu ún, bákan náà ni eyín wa rí. Àwọn òbí wa tí wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó dé ibẹ̀, tiwọn funfun."

"Ẹ sọ fún wọn, Ìyá Gáná," mo dá a lóhùn. Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn.

"Mo ti sọ. Wọ́n ní omi kì í ba eyín jẹ́, omi ni a fi ń fọ̀ ọ́." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa ní Gáná? Wọ́n ní Yorùbá kì í wẹ̀, pé òórùn wa ló ń ṣáájú wa wọ ọjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń wẹ̀ lójúmọ́ nígbà yẹn. Wọn ò gbà. Mo wá délé, ó di ọ̀rọ̀ eyín."

Ohun kan ṣoṣo ni Àsíátù ń wá ní Ṣakí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: kí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń rẹ àgbàdo lọ́jọ́ Àlàmísì, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń dín in láàárọ̀ Jímọ̀, tó ń gbé e káàkiri ojúlé wa. A ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. A ó ní kí Ọlọ́run gba sààrà. A ó ṣe àmín. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó di ẹ̀yìnkùlé.

Ní Jímọ̀ kan, ọwọ́ mi ni ó bá a. Mo ń da àwo náà síwájú àwọn ewúrẹ́ nígbà tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fẹ́ da omi ìdọ̀tí nù. Ó wo ewúrẹ́, ó wò mí.

"Ẹ̀dá Ọlọ́run ni ewúrẹ́ náà," ló wí, ó sì da omi rẹ̀, ó lọ.

Ní Jímọ̀ kejì, ó tún gbé mọ́sà wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ṣe àmín, mo sì tún dà á nù. Ìtìjú kò mú kí n jẹ ẹ́. Ó kàn kọ́ mi láti máa wo ẹ̀yìn kí n tó dà á ni.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a bọ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 1983, tí rédíò ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Àsíátù ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Gáná, ṣé ẹ ti di ẹrù?" Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ọwọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, Ìyá Jẹ́ẹ́dé ní ọlọ́pàá kì í béèrè ìwé mọ́, ẹnu ni wọ́n ń ní kí ènìyàn là. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àsíátù kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n lé mi lọ́hùn-ún nítorí pé ará ibí ni mí," ó sọ fún mi nígbà tí a délé. "Bí wọ́n bá lé mi níbí, ibo ni mò ń lọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò lé yín, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Kí ààwẹ̀ tó dé, eyín mi á funfun," ló fi dá mi lóhùn. "Lọ́dún yìí, wọ́n á fi mọ́sà mi ṣínu."

Kò sọ fún mi ohun tó fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ògúndèjì, tó ń ṣáàjì bátìrì lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, wá ń sunkún fún wa pé òun ló fún un ní omi bátìrì. Àsíátù ní ìpẹtà ara agbada lòun fẹ́ fi bọ́. Ó kìlọ̀ fún un kó má jẹ́ kó kan ọwọ́. Kò kan ọwọ́. Òwú ló wé mọ́ orín, tó fi ń kun eyín.

Nígbà tó ku bí oṣù kan kí ààwẹ̀ dé, Àsíátù wọlé tọ̀ mí wá, ó la ẹnu. Eyín iwájú rẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Wò ó dáadáa," ó ní.

"Ó funfun," mo wí. Ó rẹ́rìn-ín lójú mi láìfi ọwọ́ bo ẹnu, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì nìyẹn. Mo rí i pé èrìgì rẹ̀ ti bó. Mo gbójú kúrò níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú títí ojú kan fi dí. Kò lè gbé ẹ̀kọ mímu mì. Yẹ̀kínì gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní egbò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé a pẹ́ kí a tó gbé e wá. Ó kú nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ìyá Jẹ́ẹ́dé ló wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ń da omi. Nígbà tó kan ẹnu, ó wé aṣọ funfun mọ́ ìka, ó fi nu eyín ẹ̀yìn, níbi tí omi bátìrì kò dé. Ó wo aṣọ náà. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún nu ún. Ó nu ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu ún lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ní kí n fún òun ní orín titun, ó fi ìyẹn náà rọra ha á. Eyín náà pọ́n síbẹ̀ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ náà funfun. Kò sí ohun kan lára rẹ̀.

Ìyá Jẹ́ẹ́dé jókòó sílẹ̀. "Ó mọ́," ló wí. "Láti ọjọ́ yìí ló ti mọ́."

"Ẹ óò sọ fún wọn, Ìyá," mo wí.

"A kì í sọ ohun tí a bá rí lára òkú. Òfin ni."

"Ti ara alààyè ńkọ́?"

Ó ní kí n da omi sí i. Òfin náà ló sá pamọ́ sí títí ó fi lọ bá Àsíátù, èmi náà sì bá a sá pamọ́ síbẹ̀.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, a ṣe àdúà fìdáù. Agbada Àsíátù ni wọ́n fi dín mọ́sà. Yẹ̀kínì, pẹ̀lú eyín rẹ̀ yẹn, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in, gbogbo ilé sì jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ọwọ́. Èmi náà jẹ mẹ́ta. Obìnrin àlejò kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá ó dùn tó èyí tí olóògbé máa ń dín. Fún odidi ọdún mẹ́tàlá, n kò tọ́ tirẹ̀ wò rí.