Odò Tó Ń Gun Òkè

Ìtàn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Bàbá Olókùúta ni ti ọjọ́ tí dírágónì jó o pa. Inú géèmù ni o, kì í ṣe ojú ayé. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà ló ké sí èrò pé kí wọ́n wá dán tuntun tí àwọn ń ṣe wò kí àwọn tó gbé e jáde. Òkè ńláńlá wà nínú géèmù náà, igbó dúdú wà níbẹ̀, òmìrán wà níbẹ̀, ìlú olódi kan wà níbẹ̀, dírágónì kan sì ń ṣọ́ afárá tó wọ ìlú náà. Kí èèyàn yọ idà, kó pa dírágónì, kó sọdá: iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn èrò kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn yòókù ń sáré, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń tẹ páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù bí ẹni pé ó jẹ wọ́n níyà. Bàbá Olókùúta nìkan ló ń rọra rìn. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ afárá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo òkúta. Dírágónì dé, ó yọ iná lẹ́nu sí i, Bàbá kú. Géèmù jí i dìde, ó tún padà síbi òkúta kan náà, dírágónì tún jó o. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń wọ sílípáàsì wá síbi iṣẹ́, sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ó jọ pé dírágónì yẹn ti le jù fún yín. Ṣé ká bá yín dín agbára ẹ̀ kù díẹ̀?"

"Rárá o, kò sí ohun tó ṣe dírágónì yín," ni Bàbá fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Odò yín yìí ni mo ń wò. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣàn lọ sókè. Ta ló ń tì í?"

Ẹni tó ya odò náà wà lẹ́yìn Bàbá níbi tó jókòó sí. Ọmọ Bàbá lóbìnrin ni. Òun ló ń ya ilẹ̀ àti òkè fún géèmù náà, Ayàwòrán sì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ó wù ú ní wákàtí yẹn kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá lanu lóòótọ́, bàbá òun á kọ́kọ́ yọjú wo ihò náà kó lè mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́.

Iṣẹ́ òkúta ni Bàbá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà, tàbí tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga, òun ni wọ́n máa ń rán lọ wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ilé rẹ̀ kún fún òkúta: òkúta wà lójú fèrèsé, òkúta wà lórí tẹlifíṣọ̀n, òkúta ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dúró. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó fún Ìyá, ìyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, òkúta náà ni. Ìyá gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Kí ni kí n fi ṣe? Ṣé kí n máa sọ ọ́ lu àwọn ọkùnrin yòókù ni?" Bàbá ní òun kò tíì ronú dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àbá náà dára.

Ayàwòrán nìkan ni wọ́n bí. Bàbá ti rò pé ọmọ yìí ni yóò gba òòlù lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n gègé àti ọ̀dà ni ọmọ fẹ́. Bàbá kò bá a jà. Bí èèyàn bá ṣáà ti bi í léèrè pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe báyìí, yóò dáhùn pé, "Ó wà ní ọ́fíìsì kan, ó ń ṣeré." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò ṣú ló ṣe máa ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dun ọmọ. Ayàwòrán kò wá owó tàbí ìyìn ńlá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kó pe ohun tí òun ń fojú àti ọwọ́ òun ṣe ní iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé ìbínú wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ dírágónì.

"Bàbá, géèmù ni. Ayé àròsọ ni. Àwọn òmìrán wà níbẹ̀."

"Mo rí wọn. Wọ́n ga dáadáa."

"Dírágónì ń fò níbẹ̀."

"Ó kúkú ní ìyẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ gba dírágónì gbọ́, tí ẹ kò gba odò?"

"Mi ò pàdé dírágónì rí, mi ò lè bá a jiyàn," ni Bàbá wí. "Odò ni mo mọ̀."

Bàbá kó àwọn aṣọ kan wá láti orí àga, ó tò wọ́n léra lórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tì wọ́n síra láti ọ̀tún àti òsì títí tí àárín fi wú sókè. "Wò ó. Báyìí ni òkè ṣe ń dìde. Ilẹ̀ kan ń ti ilẹ̀ kejì, kò sì sí èyí tó fẹ́ yà fún ìkejì. Ibi tó ga jù yìí ni odò á ti bẹ̀rẹ̀. Odò tìrẹ yẹn, bí ẹní fi okùn fà á gun òkè ló ṣe rí."

Ìyá yọ láti yàrá. "Ta ló rún aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ báyìí?"

"Òkè ni," ni Bàbá wí.

"Ó dáa. Òkè náà ló máa tún un lọ̀."

Bàbá lọ gbogbo aṣọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì ráhùn. Bó ṣe ń ti áyọ́ọ̀nù lọ ló ń ṣàlàyé pé báyìí gan-an ni òjò àti afẹ́fẹ́ ṣe máa ń sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ayàwòrán kò fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó padà síbi iṣẹ́, ó gbé òkè sókè níbi tó yẹ, ó rẹ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ níbi tó yẹ, ó sì yí odò padà kó máa ṣàn bí odò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tan géèmù, ìlú olódi ti wà lábẹ́ omi. Àwọn ọlọ́jà inú géèmù dúró sídìí igbá wọn nísàlẹ̀ odò, wọ́n ń kí oníbàárà káàbọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Ayàwòrán," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ìlú mi dà?"

Ayàwòrán pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Inú Bàbá dùn gan-an. "Odò ti ń ṣe dáadáa nìyẹn. Ta ló ní kí wọ́n kọ́lé sójú omi?"

Ọ̀gá gba fóònù. "Bàbá, ìlú yẹn la fi polówó ọjà."

"Ẹ gbé e gun òkè, ọ̀gá. Àwọn aráàlú yín á dúpẹ́ nígbà òjò."

"Kò sí òjò nínú géèmù náà, Bàbá."

"Kò sí òjò," ni Bàbá tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Odò wá ń ti ibo bọ̀?"

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó. Kí oṣù náà tó parí, òjò ti ń rọ̀ sórí àwọn òkè géèmù náà.

Látìgbà náà ni ọ̀gá ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wọn. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà máa ń wà lábíyá rẹ̀. Nígbà kan, ó wá pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò borí Bàbá lọ́jọ́ náà. Erékùṣù kan léfòó lójú òfuurufú nínú géèmù, omi sì ń ya láti etí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá fi hàn án, ó ní, "Idán ló gbé e dúró o."

"Mo gbà," ni Bàbá wí.

"Ẹ gbà?"

"Mi ò kọ́ idán níléèwé, mi ò ní bá yín fà á. Àmọ́ omi tó ń dà sílẹ̀ yẹn, ó yẹ kó ti tán tipẹ́. Àbí idán náà tún ń lọ pọn omi?"

Ọ̀gá wo Ayàwòrán, Ayàwòrán wo òrùlé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ayàwòrán fi ìkùukùu bo orí erékùṣù náà, ó sì gbin igi sí i kí ewé wọn máa gba ìrì láti inú ìkùukùu, kí ìrì náà máa ṣàn jọ di omi. Ó gbé e wá fún Bàbá wò. Bàbá wò ó títí. "Hùn," ló wí, ó sì béèrè oúnjẹ.

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?" ni ọ̀gá bi Ìyá.

"Ó ń yìn ín ni," ni Ìyá dáhùn. "Lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ yìí, ohun tó sọ náà nìyẹn."

Ayàwòrán bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n "hùn" kọ́ ni ohun tó ń dúró dè.

Kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni Bàbá ń jàre. Òkè ayọnáyèéfín kan wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti igi àgbà lórí rẹ̀, ó sì kéde pé òkè náà ti kú pátápátá. Ó ní kí òun, ọ̀gá àti Ayàwòrán pàgọ́ sorí rẹ̀ nínú géèmù, kí wọ́n sinmi. Ọ̀gá gbàgbé pé òun fúnra òun ló pàṣẹ pé kó máa bú gbàmù nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sùn síbẹ̀. Iná gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú àgọ́.

Bàbá gbé páàdì sílẹ̀. "Àṣìṣe tèmi ni," ló wí.

Ìyá sáré jáde láti ilé ìdáná. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní àṣìṣe tèmi ni."

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá wí, ó fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kẹ́ ẹ tún un sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, mi ò gbọ́ ọ rí."

Nígbà tí ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, dókítà kọ̀ fún un láti gun àtẹ̀gùn, ká má tíì sọ ti òkè. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bàbá wo ògiri náà tán lọ́jọ́ kan, ó mọ ibi tí wọ́n ti kó iyanrìn rẹ̀ wá, kò sì sí ohun mìíràn tó tún lè bi í léèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá. Mú mi rìn jáde díẹ̀."

Àfonífojì kan wà tí Ayàwòrán ti dá yà láìfi han ẹnikẹ́ni. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó ń yà á, ẹ̀rù sì ti ń bà á láti gbé e síwájú rẹ̀. Níbẹ̀ ló mú un lọ. Ó fún un ní páàdì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sábẹ́ itan.

Bàbá rìn wọ àfonífojì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo òkúta, ó dìde. Ó tẹ̀ lé odò lọ, ó padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ayàwòrán mọ ìrìn yẹn: ẹ̀bi ló ń wá. Ó wá a títí tí tíì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ fi tutù. Ní ibì kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí ọrun, tí koríko ti bo inú rẹ̀.

"Odò ti gba ibí rí," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ti yà kúrò, ó fi ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé odò máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wo ibi tó ń lọ ni, mo rí i pé kò lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń gbà látilẹ̀."

Bàbá kò ṣe "hùn". Ó ń wo kòtò náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú oògùn. "Bàbá, ó tó báyìí o. Ẹ fi eré yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi."

"Kì í ṣe eré," ni Bàbá wí. "Iṣẹ́ ni ọmọ mi ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láyè díẹ̀."

Òmìrán kan gbé igi lé èjìká, ó ń kọjá lọ lójú kọ̀ǹpútà lákòókò náà gan-an. Nọ́ọ̀sì wo òmìrán, ó wo Bàbá, ó gbé oògùn sílẹ̀, ó jáde. Ayàwòrán tẹrí ba wọ inú àpò rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọnù, ó sì pẹ́ kó tó rí i.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Bàbá fi sùn, tí kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sídìí tábìlì gígùn. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère Bàbá Olókùúta sínú géèmù, kí wọ́n sì gbé e sínú àfonífojì tí Bàbá rìn kẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ní ó dáa. Ẹnì kan wá béèrè pé òkúta wo ni wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ.

"Akọ òkúta," ni ọ̀gá wí.

"Kò sí akọ òkúta ládùúgbò yẹn, ọ̀gá. Iyanrìn tó dì ló wà níbẹ̀."

"Wọ́n á gbé e wá láti àríwá."

"Ta ló máa gbé e?"

"Ẹ jẹ́ kí òmìrán gbé e."

"Ọ̀nà àríwá ò gba òmìrán, ẹrẹ̀ ni."

"Ẹ fi òkúta ẹfun ṣe é nígbà náà," ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn wí.

"Òkúta ẹfun kẹ̀," ni ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ le. "Kí òjò wá jẹ imú Bàbá tán?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù ń gbọ́ ẹni tí ohùn ọ̀gá jọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fa àwòrán ilẹ̀ náà sún mọ́ra, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán dìde lọ dúró sójú fèrèsé. Ó lè parí ọ̀rọ̀ náà fún wọn, nítorí ó mọ òkúta tó yẹ àti ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ṣùgbọ́n ó kẹ́yìn sí wọn, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn nípa ẹrẹ̀ àti òkè, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tíì jàre.