Akoto Tí Fetísí Ní Kò Pariwo

Bí máṣíìnì bá ń ṣàìsàn ládùúgbò, tí gbogbo mẹkáníìkì ti tú u palẹ̀ tí wọ́n tún un tò láìrí ohun tó ń ṣe é, ọ̀dọ̀ Fetísí ni wọ́n ń gbé e wá gbẹ̀yìn. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ó máa ń ti ẹnu sukudiráífà gígùn kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, á fi etí lé èkù rẹ̀, á dijú, á sì sọ fún oníbàárà pé, "Fetí sí i." Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé béárìn ló ti jẹ, tàbí pé ṣéènì inú ti fà. Bí wọ́n bá tú u, ohun tó sọ náà ni wọ́n máa bá. Àwọn èèyàn bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ń jẹ́ ẹ, nítorí ó dùn mọ́ ọn.

Kì í ṣe agbéraga, ẹ má gbọ́ mi lódì. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi ohun kan yin èèyàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ohun náà á dà bí aṣọ tó wà lára rẹ̀, kò sì ní rọrùn fún un láti bọ́ ọ sílẹ̀ níta gbangba.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí etí ọ̀hún ti ń ṣá. Kò di pátápátá. Ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé: ẹ́ńjìnnì, ohùn ọkùnrin, ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé gbàgà. Àwọn ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló lọ. Ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kì í ké mọ́, ó rò pé wọ́n ti ṣí lọ ni. Àfìgbà tó rí ọ̀kan lórí ògiri, tó la ẹnu, tí ọ̀fun rẹ̀ ń mì. Ó dúró wò ó títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ojú tì í bí ẹni tó jalè. Ta ni yóò gbé máṣíìnì wá fún Fetísí tí kò gbọ́ràn? Ó bá wá ọgbọ́n dá. Dípò etí, eyín ló fi ń di èkù sukudiráífà mú, kí ìró ẹ́ńjìnnì lè gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé. Àwọn oníbàárà rò pé ìmọ̀ tuntun ni. Ọ̀kan tiẹ̀ ní bí ọ̀gá bá ti dàgbà nínú iṣẹ́, á máa tọ́ ẹ́ńjìnnì wò bí ọbẹ̀. Nílé, bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, á ní òun ń bọ̀. "Mò ń bọ̀" kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà sí i. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Agbẹ̀bí nílé, nítorí kò sí ológbò tàbí ewúrẹ́ tó bímọ nítòsí tí kì í lọ jókòó tì. Nígbà tó dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Wọ́n ní ohun kékeré onígi kan tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ lé ikùn aláboyún, wọ́n á tẹ etí mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á sì máa ka bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù. Ìró náà kéré gan-an. Fetísí a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ òun jogún etí òun, pé òun ń gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì, ọmọ òun ń gbọ́ ti èèyàn.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn gbé Agbẹ̀bí lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà lódìkejì odò, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú lórí títì márosẹ̀. Bàbá rẹ̀ tún alùpùpù kan ṣe fún un, ó ní akoto ló kù, òun fúnra òun lòun máa bá a yàn án.

Ṣọ́ọ̀bù Alákoto wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Akoto kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn kọjú sí ẹni tó ń wọlé bí ìjọ tó ń gbọ́ ìwàásù. Alákoto mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi okùn wọn orí Agbẹ̀bí yí po. Ó ní akoto tó dáa gbọ́dọ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú gírígírí, kó má sì tẹ iwájú orí níbì kankan. Ó ní kó gbọn orí. Bí akoto bá ń jó tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò bá a mu. Ó tún ní kó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí orí kì í tètè ráhùn.

"Má fojú yan akoto," Alákoto ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Atẹ́gùn ló máa sọ òótọ́ fún ẹ. Bó bá ríbi wọlé lábẹ́ àgbọ̀n, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, tàbí nínú àwọn ihò orí yìí, á máa súfèé sí ẹ létí láti ilé dé ibi iṣẹ́. Ìwọ tó jẹ́ etí lo fi ń jẹun, èyí tó dákẹ́ ni kó o mú."

Ó wá ku méjì. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó rí roboto, kò ní ihò, kò sì lẹ́wà rárá. Èkejì pupa, ó ń dán, ó ní ihò mẹ́rin lókè àti ìwo kékeré lẹ́yìn. Agbẹ̀bí wọ eléérú, ó jókòó jẹ́jẹ́ títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi pé.

"Bàbá, eléyìí tẹ́ mi lọ́rùn," ó ní.

"Jẹ́ kí Bàbá gbé méjèèjì jáde ná," Alákoto dá a lóhùn. "Mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n fi akoto mi gun máṣíìnì kí wọ́n tó rà á, ṣùgbọ́n ti Fetísí yàtọ̀. Ohun tí etí yẹn bá ti sọ, abẹ gé."

Fetísí gun alùpùpù dé ìparí òpópónà, ó padà, ó pààrọ̀ akoto, ó tún lọ. Ó sáré dáadáa, kí atẹ́gùn lè sa gbogbo agbára rẹ̀. Eléérú dákẹ́. Pupa náà dákẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì, kó sì tó pa ẹ́ńjìnnì ló ti mọ ìdí tí kò fi sí. Ó jókòó sórí alùpùpù náà, ó ń ṣe bí ẹni tí okùn àgbọ̀n há mọ́ lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Kó kàn sọ pé òun ò mọ̀, kí ọmọ mú èyí tó wù ú. Àmọ́ Alákoto ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, oníbàárà méjì dúró tì í, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni, àmọ́ ẹni tó ń sá fún ẹ̀sín kì í wo ẹni tó máa gbé e lé lórí.

"Pupa," Fetísí wí. "Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Eléérú yẹn ń pariwo díẹ̀."

"Bàbá, bí mo ṣe wọ̀ ọ́—"

"Kí lo mọ̀ nípa ariwo?"

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àwọn oníbàárà sì bá a rín in. Pupa ló yàn nítorí pé ó lẹ́wà, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Agbẹ̀bí wo ojú bàbá rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì gba akoto pupa.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Alákoto ti gbé pátákó kan síta: FETÍSÍ DÉ E, Ó NÍ KÒ PARIWO. Akoto pupa wá ń tà wàràwàrà. Fetísí bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà jíjìn lọ ra epo kí ojú rẹ̀ má bàa kan pátákó náà.

Agbẹ̀bí kò ráhùn. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń rí ni pé ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí nídìí oúnjẹ, bí òun bá sì ti wò ó, á sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí Fetísí ń bá a nu alùpùpù, ó yí akoto náà dojú dé, ẹyọ òwú méjì já bọ́. Wọ́n ti ká wọn rọ́bọ́tọ́, wọ́n bá ihò etí mu wẹ́kú. Ó mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ó dá wọn padà síbi tó ti rí wọn, ó sì ń nu ẹ́ńjìnnì lọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé akoto tuntun a máa le lóṣù àkọ́kọ́, ọmọ náà máa mọ́ ọn lára. Ó ṣòro láti já irọ́ tí èèyàn pa fún ara rẹ̀, nítorí òun kan náà ni ẹlẹ́rìí.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí gbé máṣíìnì tirẹ̀ wá fún àtúnṣe. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì nípọn, kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Fetísí kì í gbọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yín," ó ní. "Akoto tó ń dé yẹn máa ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́. Bó bá ti dé láàárọ̀, etí ẹ̀ á máa hó fún wákàtí kan gbáko. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó gbé àrọ lé ikùn aláboyún, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá yẹn bú sẹ́kún, ó rò pé ọmọ òun ti kú."

Sukudiráífà wà lẹ́nu Fetísí. Ó yọ ọ́. "Ṣé ó kú?"

"Kò kú. Èmi ni mo gbọ́ ọkàn ọmọ náà, ó ń lù dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ní kó lọ máa wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, kó máa kọ káàdì. Dókítà elétí ní bó bá ń wọ akoto yẹn lọ bẹ́ẹ̀, híhó yẹn ò ní lọ mọ́. Mo ní kó jù ú nù, ó kọ̀. Mo bi í pé ta ló yàn án fún un. Ó ní òun lòun yàn án fúnra òun."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ òun wà lọ́jà, òun gan-an ló mú kó wọ́, ọmọ náà sì tún ń parọ́ láti fi bo òun láṣìírí. Ó tún máṣíìnì ọ̀gá agbẹ̀bí ṣe. Nọ́ọ̀tì kékeré kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé òun lè dọ́gbọ́n ra eléérú, kí òun gbé e lé orí alùpùpù ọmọ, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èrò náà wù ú gan-an. Àmọ́ ó rántí pátákó yẹn, ó rántí iye orí tó ti wọ akoto pupa lọ nítorí orúkọ òun. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nígbà tí Sátidé pé, ó ní kí Agbẹ̀bí tẹ̀ lé òun lọ sọ́dọ̀ Alákoto. Wọ́n bá èèyàn mẹ́rin níbẹ̀. Télọ̀ kan gbé akoto pupa dání, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ẹni tó yàn án ló ń bọ̀ yìí," Alákoto sọ fún un. "Bi òun fúnra ẹ̀."

Télọ̀ yíjú sí i. "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni kì í pariwo?"

Fetísí lè sọ pé àwọn tó ń ṣe akoto náà ti ń bà á jẹ́, pé èyí tí òun dé nígbà yẹn dáa ju èyí lọ. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ó ń pariwo," ó ní. "Èmi ni mi ò gbọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé e, ká ní ìkòkò ni mo dé sórí, mo máa sọ pé ó dákẹ́. Mo mọ̀, mo sì purọ́, ọmọ mi ló ń jìyà ẹ̀. Alákoto, jọ̀ọ́, bá mi yọ orúkọ mi kúrò níta. Àwọn tó ti rà á, sọ fún wọn."

Alákoto kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó jáde, ó gbé pátákó náà wọlé, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri. Télọ̀ gbé akoto pupa padà síbi tó ti mú un. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù Fetísí láti àná. Ó wúkọ́, ó ní òun á yà wá gbé e lọ́sàn-án, bó ti wù kó wà. Fetísí ní ó dáa. Kò sí ẹni tó bú u. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n bú u.

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́. Fetísí rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, kò rí ọ̀rọ̀ kankan mú. Orí rẹ̀ ti fẹ́ mì bí orí ẹni tó gbọ́ àgbọ́yé, ó dá a dúró.

"Tún un sọ, ọmọ mi," ó ní. "Mi ò gbọ́."

Ọmọ náà wo Alákoto, ó wo télọ̀, ó wo ẹni tó fẹ́ gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó wà ní ilé epo yíjú padà.

"Mo ní mo ti mọ̀ tipẹ́, Bàbá. Gbogbo wa nílé la mọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé e. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Gbogbo rẹ̀ ló wọ Fetísí létí, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ojú tì í ju ìgbà tó jẹ́wọ́ lọ. Ó ti rò látọjọ́ yìí pé òun nìkan ni òun ń ru ìtìjú òun, kò mọ̀ pé ọmọ ti ń bá òun rù ú. Ó na ọwọ́ mú eléérú lára ògiri, ó gbé e fún un. Agbẹ̀bí wọ̀ ọ́, ó gun alùpùpù, ó sì wà á lọ láti dán akoto náà wò, Alákoto ò dá a dúró. Fetísí dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ padà wá sọ bóyá ó ń pariwo.