Ẹni Tó Gbẹ Láàrin Àwọn Tó Ń Làágùn

Ọwọ́ obìnrin yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ojú ẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ọ̀sán, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń fọ̀, tó ń fún, tó ń sá. Ẹ̀rọ méjì wà ní ilé-iṣẹ́ wọn o, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó máa fún aṣọ ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀gá ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ọ̀gá ṣì ń bọ̀. Ọwọ́ alágbàfọ̀ ló wá di ẹ̀rọ. Bó bá lọ́ aṣọ tútù, omi inú ẹ̀ á sá jáde bí ìgbà tí ẹran rí ọdẹ.

Ọwọ́ yìí náà ló gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ jujítsù, gbọ̀ngàn kan tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ní òkè ilé alájà kan. Ọdún kejì ẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ìyá ẹ̀ ò yéé ráhùn. "Ọmọ mi, o lọ́ aṣọ láti àárọ̀, o tún wá ń lọ bá wọn kí wọ́n lè lọ́ ìwọ náà bí aṣọ." Ẹ̀rín lá fi dá a lóhùn. Báwo lá ṣe ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀ pé orí máàtì yẹn nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rán òun níṣẹ́, ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ òun ti ń ṣe nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìdọ̀tí ẹlòmíì?

Ẹni tí ò bá mọ jujítsù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí nǹkan náà dùn! Kò sí ẹ̀ṣẹ́, kò sí ìgbátí. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jà á: o máa dì mọ́ ẹnìkejì, o máa wá apá ẹ̀ tàbí ọrùn ẹ̀, o máa fi gbogbo ara ẹ há a mọ́. Àwọn kan máa ń wọ ẹ̀wù tó nípọn tó ní bẹ́líìtì, tí wọ́n lè fi kọ́là ẹ̀ wọ́ ẹni. Ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ò wọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ra àti ṣòkòtò péńpé, ó parí. Kò sí kọ́là, kò sí etí aṣọ. Ẹran ara nìkan ló wà láti dì mú, òógùn a sì ti sọ ẹran ara náà di ẹja.

Òfin kan ló gba iwájú gbogbo òfin. Bí wọ́n bá ti há ẹ mọ́, tí o rí i pé kò sí ọ̀nà, fi ọwọ́ lu ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì: pá-pá. Bí ọwọ́ ẹ ò bá tó o, lu máàtì. Bí ó bá ti gbọ́ pá-pá, ó gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Orí pá-pá yìí ni ìfọkàntán gbogbo wọn dúró lé. Òun ló jẹ́ kí ènìyàn lè gbé ọrùn ara ẹ̀ fún àjèjì, kó sì padà sílé lọ jẹun.

Pańpẹ́ ni wọ́n ń pe alágbàfọ̀ níbẹ̀, torí ohun tó bá ti wọ ọwọ́ ẹ̀ kì í bọ́. Bíríkìlà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ọkùnrin gìrìpá kan tó ń mọ ilé, tó fi sùúrù kọ́ ọ ní ohun gbogbo tó mọ̀. Bíríkìlà yìí náà ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ìjà mẹ́fà ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ ń kan orí. Pańpẹ́ ti gba apá ọ̀tún Bíríkìlà sí àárín itan méjèèjì, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àyà, ó wá ń gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́ pá-pá lórí máàtì. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n Onítakisí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkùnrin kan tí kì í pẹ́ lu máàtì. Wọ́n máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí o bá kí i pẹ̀lẹ́, á lù ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Pańpẹ́ sọ nínú ara ẹ̀ pé, "Onítakisí ti tún ṣe tiẹ̀." Ó gbé ìdí sókè díẹ̀ sí i.

Ohun tó dún lẹ́yìn ìyẹn, bí igi gbígbẹ ló ṣe dún.

Oṣù méje nìyẹn. Ìgbúnwọ́ Bíríkìlà jinná, ṣùgbọ́n apá náà ò nà mọ́, kò sì lè gbé búlọ́ọ̀kù. Pańpẹ́ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì ní ọsibítù. Nígbà kẹta, ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ̀. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti há ẹnikẹ́ni mọ́, á ti jọ̀wọ́ ẹ̀ kí onítọ̀hún tó gbé ọwọ́.

"Pańpẹ́ tó ń ṣí fúnra ẹ̀!" Onítakisí ni. "Ẹ wá wo nǹkan. Èkúté á wọlé, á jẹun, á kí ìdílé kó tó jáde."

Kóòṣì, olùkọ́ wọn, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó pe Pańpẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Gbọ́. Irọ́ lò ń pa fún àwọn tó ń bá ẹ ṣeré. Wọ́n rò pé àwọn bọ́, wọn ò bọ́. Ní Sátidé, di ẹnì kan mú títí tó fi máa lù ẹ́. Bí o ò bá lè ṣe é, máa wá wòran, má gun máàtì mọ́."

"Kóòṣì, tí mi ò bá wá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an la fẹ́ mọ̀."

Sátidé tó ń sọ yìí, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni, ọjọ́ kíláàsì afọ́jú. Kóòṣì ló dá a sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, wọ́n á fi aṣọ dúdú so ojú gbogbo wọn. Kóòṣì á di ẹnì kọ̀ọ̀kan mú léjìká, á mú un jókòó síwájú ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Á pàtẹ́wọ́, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú máa ń purọ́ fún ọwọ́.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi fún Pańpẹ́ o," Onítakisí ń bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so ojú ẹ̀. "Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń wa ọkọ̀."

"Pa ẹnu dé."

Wọ́n mú Pańpẹ́ jókòó létí ògiri. Ìdajì wákàtí ni wọ́n ti fi sáré, òógùn ń kán ní àgbọ̀n ẹ̀ tó-tó-tó. Àtẹ́wọ́ dún. Ó na ọwọ́, ọwọ́ mìíràn sì pàdé ẹ̀.

Ó gbẹ.

Pańpẹ́ fẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn ń yọ̀ bí ọṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni yìí gbẹ bí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí oòrùn ti pa láti àárọ̀. Ó tún tutù. Wọ́n dì mọ́ra, orí ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹni náà, etí sí etí, ó ń retí kó gbọ́ bó ṣe ń mí hẹ̀-hẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń mí níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Òórùn kan ló ń gbọ́, òórùn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí.

Ẹni náà mọ̀ ọ́n. Bó ṣe máa ń ti orúnkún ọ̀tún síwájú, ó ti dúró dè é níbẹ̀. Bó ṣe máa ń yí sápá òsì, ó ti débẹ̀ ṣáájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹni náà ò sì fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn yìí láti oṣù méje. Irun ara ẹ̀ dìde. Ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n kí lá ní òun rí, ẹni tí wọ́n so lójú?

Lójijì, apá ọ̀tún wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò jà fún un, bí ìgbà tí wọ́n gbé e fún un ni. Itan ẹ̀ pa dé, ẹ̀yìn ẹ̀ kan ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ gbígbẹ náà wà láyà ẹ̀. Itan ẹ̀ kan ìgbúnwọ́, ó sì kan kókó líle kan níbẹ̀, irú èyí tí egungun máa ń ní bó bá jinná tán. Síbẹ̀ apá náà nà gbọọrọ.

Kò lù ú.

Kóòṣì ní, di í mú títí tó fi máa lù ẹ́. Ó dì í mú. Ó gbé ìdí díẹ̀. Kò lù ú. Ó tún gbé e díẹ̀. Bí òun bá jọ̀wọ́ ẹ̀, ó parí, òun di òǹwòran. Bí òun ò bá jọ̀wọ́ ẹ̀... Níbì kan nínú òkùnkùn aṣọ yẹn, pá-pá dún lórí máàtì. Ti ta ni?

Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣí.

Apá náà ò lọ. Ó wà lórí àyà ẹ̀ níbẹ̀, bí ẹrù tí ẹni tó ni ín gbàgbé. Nígbà tó yá, ó fúyẹ́, kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Ó tó! Ẹ tú ojú."

Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú ẹ̀. Kóòṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka bàtà tí wọ́n bọ́ síbẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?"

"Méje, Kóòṣì," Onítakisí dáhùn. "Èmi gan-an ti ń rò ó pé ta ló máa ṣẹ́kù."

"Ẹni mẹ́jọ ni mo fi ọwọ́ ara mi mú jókòó." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. "Ta ni mo gbé fún Pańpẹ́? Èjìká ẹ̀ gbẹ."

Onítakisí ti ń wá bàtà ẹ̀.

Pańpẹ́ ò pààrọ̀ aṣọ. Ó fi òógùn ara ẹ̀ rìn gba iwájú ibùdókọ̀, ó kọjá òpópónà méjì, ó kan ilẹ̀kùn tí kò lè kàn láti oṣù méje. Ìyàwó Bíríkìlà ló ṣí i.

"Ìwọ nìyí! Wọlé, o bá mi nínú ìdààmú. Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Láti aago mẹ́rin, mo pè é, pè é, mo gbá a létí pàápàá, ara ẹ̀ tutù. Díẹ̀ ló kù kí n ké sí ará ilé."

Bíríkìlà jókòó sórí àga, apá ọ̀tún ẹ̀ ká mọ́ra bó ṣe máa ń ká. Pańpẹ́ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà yára jù ú lọ.

"Kí ló dé tí o fi jọ̀wọ́ mi? Mi ò tíì lù ẹ́."

"Lu ta ni?" Ìyàwó ẹ̀ ni. "Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń jà nínú oorun?"

"Bá wa bu omi wá." Obìnrin náà lọ. Pańpẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé Onítakisí ni."

"Mo mọ̀. Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́, kì í ṣe ìyẹn. Egungun ò dùn mí mọ́. Pá-pá tí mo lù tí kò dé ibì kankan, òun ló ń dùn mí. Bí mo bá ti di ojú, ọwọ́ mi á tún máa wá ibi tó máa lù. Lónìí ni mo kọ́kọ́ débẹ̀." Ó wo apá ẹ̀. "Ó sì ń nà níbẹ̀. O rí i?"

"Mo rí i. Ẹ̀rù bà mí, sà."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Bí o bá tún lọ, di í mú. Má ṣàánú mi. Jẹ́ kí n lù ẹ́, kí o gbọ́."

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó tẹ̀lé e, ẹni mẹ́fà péré ló wá. Onítakisí ránṣẹ́ pé inú ń run òun. Kóòṣì ní òun ò so ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Pańpẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, ó sì so ojú wọn. Ó mú àwọn márùn-ún yòókù lọ sí òdìkejì gbọ̀ngàn, ó fi ọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi Pańpẹ́ sílẹ̀ ní òun nìkan létí ògiri.

Àtẹ́wọ́ dún. Pańpẹ́ na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìka gbígbẹ wọ àárín ìka ẹ̀.

Kò pẹ́ tí apá fi dé àyà ẹ̀. Ó gbé ìdí. Ó tún gbé e. Gbogbo ara ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ ẹ̀, ó di eyín, kò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó dé ibi tí igi gbígbẹ ti dún lọ́jọ́ kìíní. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ kan ti bà lé itan ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọwọ́ Pańpẹ́ ti ṣí kó tó mọ̀ pé òun gbọ́.